Àáké Georgetown

Bí wọ́n bá fi ìbò nà ẹ́ ní ìpínlẹ̀ Delaware, o ò lè sá pamọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìwọ àti ẹni tó nà ẹ́ máa jọ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan náà, kí gbogbo ìlú Georgetown lè rí ojú ẹ. Èmi ni mo máa ń wà á.

Lọ́dún yìí, Sẹ́nétọ̀ Truitt wọlé lẹ́ẹ̀keje. Ó fẹ̀yìn Corinne Hastings balẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, torí inú bí àwọn olùdìbò pé Corinne sọ pé bàbá ti ń ṣarán.

Àwọn èrò tó ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran màlúù lẹ́bàá títì ń pariwo, "Corinne, o ò ní darúgbó!"

Truitt ń juwọ́ sí wọn. Ó wá tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Corinne, ó ní, "Ọmọ mi, ìgbéyàwó ta là ń lọ?"

Corinne yíjú sí Blythe, ọmọ Truitt tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tá a ti ń gbọ́ ọ," ni Blythe fèsì, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Tá a bá dé iwájú kóòtù, wọ́n máa ri àáké mọ́lẹ̀, ìjà parí nìyẹn. Ẹni tó bá hú u, ìlú ló máa bá jà. Àǹtí, ẹ juwọ́."

Corinne juwọ́. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, ó gbé e sókè.

"Ẹ wo bàbá!" ni obìnrin kan kígbe. "Ọpọlọ wọn ṣì mú bí abẹ!"

Mo na ẹṣin lẹ́gba, òun nìkan ni kò dìbò nínú gbogbo wa.