Mùíbì Kò Wo Abẹ́ Ọkọ̀

Bí ẹ bá bèèrè mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ jù ní Pobè, Mùíbì ni wọn yóò júwe fún yín, àgàgà bí ẹ bá lọ bèèrè lọ́wọ́ Mùíbì fúnra rẹ̀. Ó ní òun kì í tú ọkọ̀ kí òun tó mọ àrùn tó ń ṣe é, etí lásán ti tó òun. Ká má parọ́ mọ́ ọn, etí náà kì í sábà tàn án. Ohun tó kó bá a gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Fẹ̀sọ̀jayé, bí wọ́n ṣe ń fi ìnagijẹ pè é, wa ọkọ̀ rẹ̀ dé láti Igana. Ọkọ̀ ńlá àtijọ́ ni, ó gùn, ó fẹ̀, ó sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Bàbá rà á nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun ni Marcelline ìyàwó rẹ̀ fi ń kó gaàrí lọ sí ọjà Sakété. Lọ́dún yìí nìkan, wọ́n ti pààrọ̀ rádíátọ̀, wọ́n ti ra bátìrì, wọ́n sì ti tún bíréèkì ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, jíà kò fẹ́ wọlé mọ́, bó bá sì wọlé, nǹkan á máa lu abẹ́ ọkọ̀ gbà, gbà, gbà.

Mùíbì ti múra mọ́ṣáláṣí nígbà náà. Agbádá funfun tuntun ló wọ̀, àwọn oníbàárà mẹ́rin sì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ń wò ó. Ó yẹ kó bọ́ agbádá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó gbé ọkọ̀ sókè, kó sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí bàbá tẹná, ó tẹ́tí, ó di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

"Bùwátì ti lọ, Bàbá," ó wí. Bùwátì ni wọ́n ń pe ilé jíà lọ́dọ̀ wọn. "Kò ṣeé tún ṣe mọ́, òmíràn la ó rà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba séfà, torí pé ẹ̀yin ni."

Àwọn oníbàárà mi orí. "Ó dáa, ọ̀gá patírọ́ọ̀nù," ni bàbá wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Ajé, Mùíbì gun ọ̀kadà lọ sí Sakété, ó lọ wá bùwátì lọ́dọ̀ Hàbíb tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù. Hàbíb bi í bóyá ó ti wo abẹ́ ọkọ̀ náà. "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀ o," Hàbíb wí, "a ò mọ èyí tí inú ń run."

"Mo wò ó," ni Mùíbì dáhùn. Irọ́ kékeré ni lójú tirẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí bàbá fi pè é lórí fóònù. Ó ní owó bùwátì ti dé, òun ti rí ẹni tí yóò ra ọgbọ̀n igi ọ̀pẹ òun, Ọjọ́rú ni wọn yóò wá wó wọn. Ẹni tó bá ra ọ̀pẹ báyìí lágbègbè yẹn, wíwó ló ń wó o, kó lè fa ẹmu inú rẹ̀ láti fi pọn ọtí líle ṣódábì. Ọ̀pẹ tó bá ti ṣubú kò tún so ẹyìn mọ́, bẹ́ẹ̀ epo àwọn ọ̀pẹ yìí ni bàbá fọkàn sí fún ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

"Ọdún tí a bí Flore, àkọ́bí mi, ni mo gbìn wọ́n," ó fi kún un, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mùíbì wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé ọkọ̀ sókè kó lè tú bùwátì sílẹ̀. Kò tíì nà sábẹ́ rẹ̀ tán tó fi rí i. Rọ́bà tó gbé bùwátì dúró ló já sí méjì, bùwátì wá rọ̀ sílẹ̀, ó ń gbá irin. Bùwátì fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta séfà ni rọ́bà náà, ọ̀kan sì wà nínú àpótí rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ọkọ̀ ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé ó jókòó sínú ọkọ̀ náà, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó mú fóònù lọ́wọ́. Kí ni yóò wí? Pé òun, Mùíbì elétí, kò wo abẹ́ ọkọ̀ nítorí agbádá? Bàbá á sọ fún Marcelline, Marcelline á sọ ọ́ kárí ọjà Sakété. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti fóònù, òun yóò lọ bá bàbá lójúkojú tó bá dọ̀sán. Lọ́sàn-án, ó ní kí oòrùn rọlẹ̀ ná. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ní ọjọ́ ti lọ, òun yóò jí débẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mùíbì kò rò ó pé igi olóòótọ́ ènìyàn ló fẹ́ kú nítorí ẹ̀sín tòun.

Lọ́jọ́rú, nígbà tó fi dé oko bàbá ní Igana, oòrùn ti yọ dáadáa. Ọkùnrin mẹ́jọ ń gbẹ́ ìdí ọ̀pẹ, wọ́n ń tì wọ́n ṣubú. Mọ́kànlá ti wà nílẹ̀.

Bàbá rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ láìpariwo, ó sáré pàdé rẹ̀. "Marcelline! Wá wò ó! Ó ti fi bùwátì sí i kó tó gba séfà kan lọ́wọ́ wa!" Ó di ọwọ́ Mùíbì méjèèjì mú. "Ọmọ gidi ni ọ́. Ta ló tún ń finú tán èèyàn báyìí lóde òní?" Marcelline ń ṣàdúrà fún un, pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kò ní rí ìtìjú.

Mùíbì ì bá dúpẹ́ ká ní ilẹ̀ lanu gbé e mì. Kó tó la ẹnu, igi kejìlá ṣubú, ilẹ̀ sì mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró. Bùwátì ò bàjẹ́, rọ́bà lásán ni. N ò wo abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ Jímọ̀ mi ni mo ń ṣọ́."

Bàbá nawọ́ sókè, àwọn ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. Kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò bú u, ì bá sì dùn mọ́ Mùíbì ká ní ó bú u.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" bàbá bi í.

Irọ́ ti wà létè rẹ̀: àárọ̀ yìí ni. Ó gbójú sókè wo bàbá, kò lè pa irọ́ náà.

"Àná, Bàbá. Àná láàárọ̀."

Bàbá yíjú sí àwọn ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àná," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "gbogbo wọn wà lóòró."