Ọjọ́ Tí Safurat Wọ Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyàwó ilé ṣe ń gbé dúdú mì tó ń tutọ́ funfun, Safurat ni kó lọ bi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàrùba kan lọ́dún 1988, orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú agboolé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó ń gbọ́ bí Nùrẹ́nì, mẹkáníìkì ilé náà, ṣe ń kéde ikú mọ́tò Safurat fún gbogbo ilé.

"Baálé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," ni Nùrẹ́nì wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì. Ó ti gan. A fi gíà sí i, a tì í, táyà ń wọ́ nílẹ̀, kò yí. Òkú ni."

Baálé mirí. Ó ti pé oṣù méjì tí mọ́tò Datsun náà ti dí ẹnu ọ̀nà, tí àwọn àgbà ń fi ẹ̀gbẹ́ kan wọlé bí akàn. "Ó dáa," ni ó wí. "Kareem yóò wá gbé e lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán."

Kareem yìí, òkú ọkọ̀ ló ń rà. Ó ń gé wọn wẹ́wẹ́, ó ń tà wọ́n fún àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Safurat, ó pọ̀ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni Nùrẹ́nì wà nígbà tí wọ́n gbé Safurat wọlé. Safurat ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fún un lóúnjẹ, ó ti lé e kiri nígbà tó kọ̀ láti lọ sílé kéwú. Bó ti wù kó rí, Nùrẹ́nì ti wà nínú ilé kí ó tó dé, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ fún un. Orúkọ rẹ̀ kì í gba ẹnu Safurat jáde. Bàbá Kékeré ni ó ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i. Bí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ níwájú ilé, ìyàwó kan kì í dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀! Safurat mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, Israfil, ni réwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo onímọ́tò ń wá kiri ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kò bí ọmọkùnrin, kò sì bínú sí Ọlọ́run. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ́ ọ. Kí ó tó kú ní ọdún tó kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ Datsun rẹ̀ lé Safurat lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Àwọn àbúrò Israfil kan kùn pé ta ló ń fi mọ́tò fún obìnrin, pé kí wọ́n kà á sí ohun tó ti bàjẹ́. Bí Kareem bá wá gé ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ti ṣẹ nìyẹn, ojú yóò sì ti Israfil nínú sàréè.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, Safurat tú u palẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Mashood, tí ń ṣe iṣẹ́ télọ̀.

"Bàbá Zulaikha, ẹ gbọ́. Mo wa ọkọ̀ yìí bọ̀ láti Ọjà Igbó ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó gan. Kò gbóná, kò rú èéfín. Mo páàkì rẹ̀, mo sùn. Ìgbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ó dún 'ká!' lẹ́ẹ̀kan, ó sì gan. Ẹ́ńjìnnì tó máa nọ́ọ̀kì, ojú ọ̀nà ló ti ń nọ́ọ̀kì. Kì í nọ́ọ̀kì lójú oorun."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Sítátà tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí ni. Eyín rẹ̀ ló wọ inú eyín kẹ̀kẹ́ ńlá ìdí ẹ́ńjìnnì, kò rí ọ̀nà jáde mọ́, bí ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìkòkò. Ẹ yọ sítátà, ẹ́ńjìnnì á yí."

Mashood fọwọ́ ra orí. Ènìyàn dáadáa ni Mashood, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá gba ọ̀nà ìta wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà jáde. "Ṣé o fẹ́ kí n dìde níwájú Baálé, kí n ní Nùrẹ́nì ò mọ iṣẹ́? Wọ́n á bi mí pé ta ló sọ ọ́. Kí n wá ní ìyàwó mi ni?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan," ni Safurat wí. "Ẹnu mi ni wọ́n dè. Wọn ò de ọwọ́ mi."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó yọ bátìrì ọkọ̀ náà, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń cháàjì, lẹ́yìn náà ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Josiah, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ó fò dìde nígbà tó rí i.

"Ọmọ Ọ̀gá! Ẹ káàbọ̀ o!"

Safurat ṣàlàyé. Kí ó tó parí ni Josiah ti ń rẹ́rìn-ín. "Eyín ti jẹ, wọ́n ti há mọ́ra wọn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ, wákàtí kan ni."

"Rárá, Josiah. Bí àlejò bá wá tú mọ́tò níwájú ilé Bàbá Kékeré, ìjà dé. Fún mi ní sítátà, èmi ni n óò dè é."

Josiah wò ó tìyanu-tìyanu. Ó wọlé, ó gbé sítátà kan tí òun fúnra rẹ̀ tún wé wáyà rẹ̀ jáde, ó fi kan bátìrì. Sítátà náà ta pọ́ún, ó yí fìrì. Ó kó sípánà méjì lé e, ó sì yá a ní jáàkì. "Ẹ rántí, orí bátìrì kọ́ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ìgbẹ̀yìn ni." Safurat kó gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà, ó to àwo tánganran tó ń tà bò ó mọ́lẹ̀, ó sì rù ú dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó kí i kú ọjà lójú ọ̀nà kò mọ irú ọjà tó rù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin ilé wọ aṣọ funfun, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ. Bí ẹni tó kẹ́yìn ṣe yí kọ́nà, Safurat ti di ìró mọ́ra, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó ti òkúta sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó sì wọlé sábẹ́.

Nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tó de sítátà gbọ́ràn. Ti òkè kò gbọ́. Ìpẹtà ti gbá a mú, sípánà ń yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Ó da epo òyìnbó sí i, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró. Ibẹ̀ ni ìyáálé rẹ̀, Ìyá Saifu, bá ẹsẹ̀ méjì níta.

"Yéè! Safura! Ṣé mọ́tò ló tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kò tẹ̀ mí o, Ìyá Saifu. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

Ìyáálé bẹ̀rẹ̀, ó yọjú, ó rí sípánà. Safurat retí pé yóò pariwo, pé yóò ní obìnrin kì í ṣe báyìí nílé àwọn. Ìyá Saifu wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó tún gèlè dè. "Mo mọ̀ pé o ò lè sùn láti ìjẹta," ni ó wí. "Kí ni n óò dì mú?"

Bí àwọn obìnrin méjì ṣe di ẹni abẹ́ mọ́tò nìyẹn. Wọ́n fi irin gígùn kan ti ìdí sípánà, wọ́n jọ fà á, wọ́n jọ ké bísímílà. Nọ́ọ̀tù náà han, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí sítátà bọ́ sọ́wọ́ Safurat, ó fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀: méjì ti kán, ẹ̀kẹta ti tẹ̀. Ó jáde, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi gíà sí i, ó ní kí Ìyá Saifu bá òun tì í. Táyà yí. Ẹ́ńjìnnì yí pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ariwo. Omi bọ́ lójú Safurat, kò sì nù ún, torí pé gíríìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n tún padà sábẹ́. Ìyá Saifu fi ọwọ́ méjèèjì gbé sítátà tuntun sórí àyà, Safurat ń wá ojú ihò fún bóòtù. Wáyà tín-ín-rín kan ń já lu ojú ìyáálé, ó fi orí gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n de bóòtù, wọ́n de wáyà ńlá, wọ́n yọ jáàkì. Safurat gbé bátìrì tí wọ́n ti cháàjì padà sí àyè rẹ̀, ó de orí rẹ̀, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kò dún. Ká! kan báyìí, kò dún un.

Ìgbà náà gan-an ni lọ́rì Kareem dé, tí okùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun náà sì ti yọ ní kọ́nà, Baálé níwájú, Nùrẹ́nì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mashood lẹ́yìn tí ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Safurat tún yí kọ́kọ́rọ́, pàbó. Ó fẹ́ẹ́ sunkún. Nígbà náà ni ó pa ojú dé, ó sì ka iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ní kí ó kà á: bóòtù méjì, wáyà ńlá, wáyà kékeré... Wáyà kékeré!

"Safurat, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Baálé ti dé.

Kò dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ tí Baálé bá a sọ̀rọ̀ tí kò dáhùn. Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo wọn, ó wá wáyà tín-ín-rín náà rí níbi tí ó sá sí, ó tẹ orí rẹ̀ bọ ìdí sítátà, ó jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ní gbogbo ẹ̀yìn, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Sítátà pariwo, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èéfín dúdú tú jáde, àwọn aláṣọ funfun sá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Datsun bẹ̀rẹ̀ sí kùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé kò tilẹ̀ ṣàìsàn rí. Ìyá Saifu ta ijó lórí ìdúró. Àwọn ìyàwó ilé yòókù tú síta, wọ́n ń ké "Allahu akubaru!"

Kareem nìkan ni inú bí. "Òkú ni wọ́n ní kí n wá gbé," ni ó wí. "Èyí ń mí."

Gbogbo wọn kọjú sí Nùrẹ́nì. Ó káwọ́ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ sókè, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ kan bóòtù kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó mì. Ó jáde, ó gbé sítátà àtijọ́, ó wo eyín rẹ̀ títí. Safurat ti sọ̀kalẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrun, Bàbá Kékeré."

"Ìyàwó wa, ẹ dìde," ni Nùrẹ́nì wí. Ó yíjú sí Baálé, kò sì gbé ohùn rẹ̀ mì. "Sítátà ló há. Ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan kan. Mo ṣìṣe, Baálé."

Baálé bú sẹ́rìn-ín. "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Kareem, máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí bí kì í bá ṣe ẹni tó ni ín."

Inú Safurat dùn débi pé kò lè jẹun. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ń lọ. Mashood kò béèrè ohun tí ó ń lọ ṣe. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó jókòó tì í, ó sì ń ṣẹ́wọ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ títí wọ́n fi jáde nílùú.

Ìyá Safurat wà nínú yàrá nígbà tí ọkọ̀ náà dúró lójúde. Ó ti gbọ́ pé wọn yóò tà á. Kò jẹun láti àná. Ó fi ọwọ́ ra ògiri jáde, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Ta ló tún un ṣe?" ni ó bi wọ́n.

"Èmi ni, Ìyá mi."

Ìyá náà gba orí ọkọ̀ mú, ó wọlé, ó jókòó sí àyè Mashood. "Pa á," ni ó wí. "Kí o tún ṣíná sí i, kí n fi etí mi gbọ́."

Safurat pa á. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Àwọn àbúrò Israfil ti jáde síta, wọ́n dúró wò. Ìyá arúgbó náà kò wò wọ́n. Ó gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó bó, ó fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ojúde lè gbọ́:

"Bàbá Safurat, iṣẹ́ yín ò parun o."