Ríìmù Kẹrin

Ìdí àbíkẹ́yìn Tíṣà ò gbé ibì kan láàárọ̀ Sátidé náà. Á jókòó, á dìde. Á wo fèrèsé yàrá bàbá rẹ̀, á wo mọ́tò àtijọ́ tó wà nínú ọgbà, á sì pòṣé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá lápá ọ̀tún, tó sì bu ẹsẹ̀ mọ́ ọn, bàbá ò jáde mọ́. Dókítà ní tí kò bá rìn, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn náà á gan pátápátá. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ògiri. Ọkùnrin tí ilé kì í gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn o.

“Ìyá,” ni ọmọ náà wí fún ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, “mo fẹ́ fọ ríìmù mọ́tò. Tí Bàbá bá rí i tó ń dán látojú fèrèsé, ṣé wọn ò ní jáde wá wò ó?”

“Orogún mi ni ríìmù yẹn látọjọ́ tó ti délé yìí,” ni ìyá wí. “Èmi lo tún wá ń bi. Lọ fọ̀ ọ́, jàre.”

Kò parọ́. Alumíníọ̀mù ni ríìmù náà, ìhòòhò ló sì wà: wọn ò kùn ún lọ́dà, wọn ò fi nǹkan kan bò ó. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ ti rí iṣẹ́ ṣe. Kí òjò pa á lẹ́ẹ̀kan, kí eérú bíréèkì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ṣú nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni Tíṣà fi ń jókòó tì í tẹ́lẹ̀. Á jẹ́ kó tutù ná, á fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á ti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ bọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, á fi pólíìṣì nù ún títí àkísà á fi dúdú, á wá fi ìda pa á. Àwọn ọmọ lè fọ ara mọ́tò. Ríìmù, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó, ìdí nìyẹn tí àbíkẹ́yìn fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ó fọ mẹ́ta. Èjìká ń ro ó, ṣùgbọ́n wọ́n dán. Ó gbójú sókè, kọ́tìnì ò mira. Ó wúkọ́. Ó sọ korobá mọ́lẹ̀ kó lè dún dáadáa. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin tó kọjú sí fèrèsé gan-an ló wá dọ̀tí jù. Ó fọ̀ ọ́ títí, ibi tí eérú bíréèkì ti jẹ ẹ́ ò ṣí. Sùúrù rẹ̀ tán. Ó wọlé, ó gbé ike omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dà á sí i. Ó hó ṣàà. Inú rẹ̀ dùn, ló bá tún da sí i.

Nígbà tó ṣan án, àyà rẹ̀ já. Ríìmù ti ṣe funfun níbì kan, ó ṣe dúdú níbì kan, bí orí tí lápálápá mú. Ó fi àkísà gbo ó, ó fi èékánná ha á. Pàbó.

“Kí lo dà sí i?”

Bàbá ni, lójú fèrèsé. Ọmọ náà fi ike pamọ́ sẹ́yìn.

“Ọṣẹ ni, sà.”

“Ọṣẹ wo ló ń rùn bí ṣaláńgá?”

Kọ́tìnì padà sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ tó ń ra ògiri mú. Ọmọ náà fẹ́ sáré lọ gbà á mú, ìyá ṣẹ́jú sí i pé kó dúró. Tíṣà yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti bàtà ẹsẹ̀ kan, ìbínú hàn lójú rẹ̀.

“Bomi sí i, bomi sí i dáadáa. Ásíìdì nìyẹn. Nǹkan tó wà níhòòhò, ṣé ó láwọ tó máa gbà á sílẹ̀ ni?”

Ọmọ náà bomi sí i. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jáde ni.”

“Kí n jáde wá ṣe kí ni? Kí n wá máa wo iṣẹ́ tí ọwọ́ mi ò lè ṣe mọ́?”

Ìyá gbé àpótí wá fún un. Bàbá rọra jókòó sórí rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, wọ́n sì fún un ní àkísà pẹ̀lú pólíìṣì. “Ó ṣì máa dán. A máa wá sáńpépà tó kúná fún un, kì í ṣe òní ló máa tán.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, àkísà bọ́. Ọmọ náà bá a mú un, ó tún bọ́. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni gbé ẹrù, ó gbé e lé àkísà lórí ríìmù.

“Tẹ̀ ẹ́ fún mi.”

Ọmọ náà ò mira. Òun ló ń gbé oúnjẹ fún bàbá, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n látọjọ́ tí ọwọ́ yẹn ti kú, kò tíì fara kàn án rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó ti rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

“Mo ti ń rí ẹ,” ni bàbá wí. “Má bẹ̀rù ẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ni.”

Ọmọ náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ ń nu ríìmù náà lọ. Ó ti ń rò látìgbà yìí wá pé ọwọ́ náà á tutù. Ó gbóná.