Orúkọ Tí Wọ́n Ń Kà Lọ́dọọdún

Ìka Loretta dúró lójú ìwé náà, kò sì lè gbé e kúrò.

"Ọ̀gbẹ́ni Ruane, ẹ wá bá mi wo eléyìí. Ṣé ojú mi ni àbí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí?"

Ruane, akọ̀wé tó ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ní kóòtù, gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá obìnrin yìí gbé ìwé sókè gbé e sílẹ̀.

"Tó bá tún jẹ́ ẹni tó kú kí wọ́n tó bí bàbá ìyá yín ni, mo máa lọ jẹun mi o."

"Ẹ kà á ná."

Ó kà á. Vasil Fosda, awakùsà, ará Kettle Run. Ìka méjì kò sí lọ́wọ́ òsì. Òrùlé ihò èédú wó lù ú lórí ní oṣù kẹta ọdún 1931, láti ìgbà náà orí rẹ̀ máa ń dàrú nígbà míì, ó sì máa ń lu ará ilé. Paraska ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Kò mọ̀wé, àmì àgbélébùú ló fi tọwọ́ bọ̀wé.

"Fosda," ni Ruane wí, ó ń mi orí. "Ta ni wọ́n ní kó máa kọ orúkọ èèyàn lọ́jọ́ náà? Adití?"

Loretta kò rẹ́rìn-ín. Vasyl Hvozda ni orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ tó ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá. Akọ̀wé inú ọkọ̀ òkun tó gbé e wá láti ilẹ̀ wọn kọ ọ́ ní Gvozda, ti ilé iṣẹ́ èédú kọ ọ́ ní Wasda, àwọn tó ń ka èèyàn kọ ọ́ ní Vozda lọ́dún kan, wọ́n tún kọ ọ́ ní Wozda ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Olúkúlùkù kọ ohun tí etí rẹ̀ bá fún un, ó sì lọ sùn. Ẹni tó bá wá ń wá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ìyẹn kan òun àti orí rẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọkùnrin tí kò ní ìka méjì, tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Paraska, ní Kettle Run, ẹni méjì kọ́ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tekla, ìyá Loretta, nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé agolo oúnjẹ rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò padà wálé. Gbogbo ìlú ló ní ó bá obìnrin kan sá lọ sí Ohio. Títí Tekla fi kúrò nílé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bi í lọ́nà pé, "Tekla, bàbá ẹ ò tíì bọ̀ láti Ohio?" Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún báyìí, ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Dókítà ti sọ fún Loretta pé kó má retí pé ìyá rẹ̀ á rí Ọdún Àjíǹde. Ohun kan ṣoṣo tí Loretta fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó kú ni pé: bàbá yín kò kọ̀ yín sílẹ̀.

Ó ka ìlà tó kù. Ọkùnrin náà kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1958. Wọ́n sin ín sí pápá ilé ìwòsàn, nọ́ńbà ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rìnlá.

Ayọ̀ tó ń bọ̀ kò tíì dé tó fi yí padà di ẹ̀rù. Inú ilé ìdáná ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, láti ọdún 1943, ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko. Tekla ló ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ káàkiri yàrá àwọn ọkùnrin. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti bu ọbẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n, ó sì ti kọjá lọ bá ẹni tó kàn. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára?

"Ẹ mu omi díẹ̀," ni Ruane wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ojú yín ti funfun."

Kò mu omi. Ó wo aago. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọ̀la sì ni Sátidé àkọ́kọ́ tí ìjọ wọn máa ń gbàdúrà fún àwọn òkú kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú wọn sí, èyí tí àlùfáà máa ń kà sókè. A kì í ka alààyè mọ́ òkú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé Vasyl Hvozda kú. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí Loretta ṣe mọ̀ ọ́n, wọn kò fi ọjọ́ kan gbàdúrà fún un rí. Ó kéré tán, ó lè ṣe ìyẹn lónìí.

Yìnyín ti dì sójú títì. Ó rọra wakọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin ń fi ìka tẹ etí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi di ọ̀dùnkún pa, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní pirohi, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

"Loretta, ṣé ìwé tó ò ń kà yẹn ò ní jẹ́ kó o wá dìyẹ̀fun ni?" lọ̀kan nínú wọn ké sí i. "Àwọn òkú ò ní jẹ pirohi o, àwa la máa jẹ ẹ́."

Ó juwọ́ sí wọn, ó sì lọ bá Fádà Myron níbi tó ti ń to àwọn ìwé òkú jọ sórí tábìlì. Ìwé tiwọn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé; òun fúnra rẹ̀ ló fi í sínú àpòòwé, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ sílé ìtọ́jú. Lẹ́tà ilẹ̀ àwọn baba wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, Loretta kò sì lè kà á.

"Fádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ kan kún un. Bàbá ìyá mi. Mo ti rí i. Hvozda ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ ní—"

"A kì í ka orúkọ ìdílé, ìwọ náà mọ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un nìkan. Ọlọ́run mọ ilé tí oníkálukú ti wá."

"Vasyl."

Fádà ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ wálẹ̀, ó sì dúró. "Vasyl ti wà níbí. Mo ti ń kà á láti ọjọ́ tí mo ti dé ìjọ yìí. Ìwọ náà ń gbọ́ ọ."

Òótọ́ ni, ó ń gbọ́ ọ. Ìdajì àwọn bàbá arúgbó ìlú yìí ló ń jẹ́ Vasyl, ó sì rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà kan ni.

"Wò ó," ni Fádà wí. "Òun ló ṣáájú Paraska. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kọ ọ́ kí ìyá àgbà yín tó kú. Olórí akọrin àtijọ́ ló fi gègé kọ àwọn tó kù. Ẹlòmíì ló kọ eléyìí, pẹ́ńsù ló sì fi kọ ọ́."

Loretta tẹ̀ba sórí ìwé náà. Kò mọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ náà: ti ìyá rẹ̀ ni. Pẹ́ńsù elésè àlùkò ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára àwo oúnjẹ nílé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ mú ọ̀kan wálé, ó máa ń fi ahọ́n rẹ ẹ́, tí yóò sì fi kọ ọdún sórí ìdérí ìgò kábéèjì àti olú. Gbogbo ìgbà èwe Loretta ni ahọ́n ìyá rẹ̀ ní àmì àlùkò kékeré kan lára.

"Ṣé kí n tún un kọ?" ni Fádà béèrè.

"Rárá," ló wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nílé ìtọ́jú, Tekla jókòó síbi fèrèsé, ó fi aṣọ bo itan.

"Ṣó o ti jẹun? Ọjọ́ Sọ́ńdè kọ́ lòní."

"Màmá, mo rí i."

Arúgbó náà ń wo yìnyín níta. "Ṣé wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀?"

Kí Loretta tó la ẹnu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rìnlá. Nídìí igi ápù. Wọ́n ti gé igi yẹn."

Inú bí Loretta. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò sì jókòó. "Ọdún mọ́kànlá, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wakọ̀ lọ sí Ohio. Ẹ sì ń wò mí."

"Ìyá mi ló ní ká má sọ. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá tó sá lọ, wọ́n á fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá tó ya wèrè, ta ló máa fẹ́ ọmọ rẹ̀? Èmi náà ò mọ̀, àfìgbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tó mú mi búra. Ta lo rò pé ó rán mi lọ gbaṣẹ́ níbẹ̀? Ó fẹ́ kí ẹni tiwa máa fún un lóúnjẹ."

"Ṣó mọ̀ yín?"

"Mísì ló ń pè mí. 'Mísì, ọbẹ̀ yìí gbóná dáadáa, ẹ ṣé.' Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Tekla ń fi àtàńpàkò tẹ etí aṣọ itan rẹ̀ bí ẹni ń tẹ etí ìyẹ̀fun pa. "Ọjọ́ kan ló bi mí bóyá mo mọ ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Tekla. Nọ́ọ̀sì dúró níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Loretta jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"Ìyá àgbà ti kú tipẹ́," ló wí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?"

"Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, Kérésìmesì lo máa ń wá kí mi. Àti Àjíǹde, tí ojú ọjọ́ bá dáa." Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. "Lẹ́yìn ìyẹn lo wá ń wá ní gbogbo Sọ́ńdè. Wàá jókòó síbẹ̀ yẹn, wàá tú gbogbo ìwé palẹ̀. 'Màmá, ẹ wá wo bí wọ́n tún ṣe kọ ọ́.' Mo máa ń fẹ́ràn rẹ̀."

Loretta fẹ́ sọ pé irọ́ ni, pé òun ì bá máa wá náà. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ.

"Ó ti parí báyìí," ni Tekla wí. Ó na ọwọ́ fa aṣọ rẹ̀ sókè, bíi pé àlejò ti fẹ́ máa lọ.

Loretta wo àpò ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ fèrèsé.

"Kò tíì parí. Ó ku ti ìdílé ìyá àgbà. Ọmọ ilé ta ni Paraska? Mi ò mọ orúkọ ilé wọn rárá, ká má tíì sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó mọ orúkọ náà. Ó hàn lójú rẹ̀ kedere pé ó mọ̀ ọ́n.

"Ìyẹn ò ní tètè tán o," ni Tekla wí. "Ó máa gba ọ̀pọ̀ Sọ́ńdè."

Loretta bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsù.