Èkúté Inú Ọkọ̀ Bàbá Uswat

Àlàmú yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ dún rárá. Munirat ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í nínú híjáàbù funfun, Uswat ọmọ wọn wà lẹ́yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni, ìrun sì ti ń súnmọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà ti já yánnayànna, ojú eyín sì hàn lára wọn.

"Èkúté ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ. "Ṣebí mo sọ ọ́. Ẹni tó ń kó gaàrí jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kí ẹ bi."

Olúfọlákẹ́, tíṣà ọmọ Èkìtì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí ọkọ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Níyì, ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ó gbọ́, ó ń sá aṣọ rẹ̀ lọ. Gaàrí tó ń tà láti fi ti owó oṣù rẹ̀ lẹ́yìn kò tilẹ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àlàmú ti dúró lé e lórí, lójú gbogbo ayálégbé, títí ó fi kó àpò rẹ̀ wọ yàrá tán. Àárín àpò ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn báyìí.

Àlàmú àti ẹbí rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí Àlàmú kọ́kọ́ pariwo èkúté, ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, kò sí èkúté kankan nínú ọkọ̀ náà. Ọgbẹ́ inú ló ń bá a jà. Kí ààwẹ̀ tó wọlé ni dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ febi pa inú, ẹ̀sìn pàápàá sì ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wí i? Òun ló ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò wọn ní Ọgbà l'Ékòó láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Òun náà ló sọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́dún tó kọjá pé Làsísì télọ̀, tí ìtọ̀ ṣúgà kò jẹ́ kó gba ààwẹ̀, ń fi àìsàn bojú ni, pé ọ̀jẹun ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Làsísì wolẹ̀. Ẹnu Àlàmú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Àlàmú láti ọjọ́ náà.

Ló bá sá sínú ọkọ̀. Àtìgbà tí epo ti gbówó lórí ni ọkọ̀ ti wà lójú kan, àfi tí wọ́n bá ń gbé e lọ kírun Jímọ̀. Gíláàsì rẹ̀ dúdú. Lọ́sàn-án, Àlàmú á mú káńfọ̀ àti gọ́ọ̀mù èkúté lọ́wọ́, á ní òun ń lọ ṣọ́ èkúté kí wọ́n má ba ọkọ̀ jẹ́, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń tẹ̀ ba sí. Búrẹ́dì Agége tó lọ rà lódìkejì ojú irin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ló máa ń fi ẹ̀pà jẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ọ̀rá má baà dún. Bàbá tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ojú a máa tì í gan-an. A sì máa jẹ ẹ́ tán.

Èkúté tó fi purọ́ náà wá dé lóòótọ́. Àwọn kò bèèrè ẹni tó ni búrẹ́dì. Nígbà tí Àlàmú rí ìgbẹ́ wọn lórí ìjókòó, ẹ̀rù bà á, ló bá nawọ́ sí gaàrí Ìyá Níyì. Ó tilẹ̀ bá ìyàwó tirẹ̀ náà wí, nítorí láràárọ̀, lẹ́yìn sààrì, Munirat á gbàgbé oúnjẹ àwo kan sí ilé ìdáná, á fi ìdérí bò ó. "Ìwọ náà fẹ́ fa èkúté wọlé," ni Àlàmú á wí, á sì lọ dà á fún ewúrẹ́ onílé. Lọ́jọ́ kejì, Munirat á tún dé òmíràn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Muhydeen ríwáyà, tó máa ń tún iná ọkọ̀ ṣe ládùúgbò, dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó so wáyà pọ̀, Àlàmú yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì jí. Inú Àlàmú dùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn, ó ti ń wá owó iṣẹ́ nínú àpò.

"Ó ku ìtẹ́ wọn, Bàbá," ni Muhydeen wí. "Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń wà."

"Fi sílẹ̀. Èmi á kó o fúnra mi."

"Ṣé kí wọ́n tún un jẹ lọ́la ni?" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìjókòó. Ó fà á tu.

Ọmọ èkúté pupa ló kọ́kọ́ hàn, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ìtẹ́. Ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni ìtẹ́ náà, pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà àti èérún tó ṣì tutù. Uswat ti dé ibẹ̀. Munirat ti dé ibẹ̀. Ayálégbé mìíràn na ọrùn.

"Búrẹ́dì?" ni Muhydeen wí. "Ta ló ń jẹ búrẹ́dì níbí?"

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́rùn Àlàmú, lórí okùn, níbi tó máa ń wà tọ̀sán-tòru. Ó ń gbọ́ bí ó ti ń gbá a láyà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé wọn kò parọ́. Ojú Làsísì ló ń rí.

"Níyì ọmọ mi ni," ni Ìyá Níyì wí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ibẹ̀ ló máa ń sá wọ̀ ṣeré. Ẹ má bínú, Bàbá Uswat."

Àlàmú la ẹnu. Ohun tó yẹ kó sọ wà níbẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Àwọn èèyàn tú ká. Òun nìkan ló kù pẹ̀lú ọkọ̀, ìgbà náà ló sì tó gbé ojú sókè, tó rí i pé fèrèsé Ìyá Níyì ń wo gíláàsì iwájú ọkọ̀ gbọnrangandan. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ló dúdú, ti iwájú mọ́ kedere. Obìnrin náà ti ń rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun dúró lé e lórí, tó ń wọ́ àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ láti tú àṣírí òun. Ó gbé e mì. Obìnrin náà ló tún fi ọmọ rẹ̀ bo òun láṣìírí, òun sì gbà á bí ẹni gba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Àlàmú kan ilẹ̀kùn Ìyá Níyì. Ó ní kó bá òun yọ àpò gaàrí kan síta. Ó gbé e lé èjìká, ó gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó padà wá fún èkejì.

"Ẹ gbé e kalẹ̀, Bàbá Uswat," ni Ìyá Níyì wí. "Ó wúwo. Ẹ ò sì tíì ṣínu."

Ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Mi ò gba ààwẹ̀," ni ó wí. Àpò ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ọgbẹ́ inú ni. Níyì ò wọ ọkọ̀ rí. Èmi ni mò ń jẹ búrẹ́dì."

"Mo mọ̀."

Ó yí padà láti gbé àpò kalẹ̀, ó sì bá Munirat lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú omi àti dàbínù nínú àwo. Kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Ládàánì ti ń pe ìrun. Àlàmú dúró de ohun tí yóò sọ.

"Oúnjẹ tí mo máa ń dé sílẹ̀ láràárọ̀," ni Munirat wí jẹ́jẹ́, "mi ò gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ o."

Àlàmú kò lè wo ojú rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ sá lọ ni ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ewúrẹ́ onílé dùbúlẹ̀ sí, tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ló ti ń sanra.