Ẹ̀rọ Ní Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Tọkọtaya

4.

…torí náà kò ṣeé ṣe, ni Madame Sabine, akọ̀wé ìgbéyàwó, wí. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn. Bùsáyọ̀ kà á. Vincent, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kà á, ó tún un kà.

     ỌKỌ: Vincent. ÌYÀWÓ: Bùsáyọ̀.
     ÀBÁJÁDE: ẹnì kan náà ni.
     Ènìyàn kò lè fẹ́ ara rẹ̀.

1.

Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ jẹ́ ká fẹ̀yìn rìn díẹ̀.

Ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ilé ìwé ní tirẹ̀. Mẹ́rì, níbi tí ìjọba ti ń kọ ìgbéyàwó sílẹ̀, ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó mọ èkejì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n wá sí ìlú Atakpamé ní Togo, kó máa fi wọ́n wéra, kó lè mọ ẹni tó jẹ́ ẹnì kan náà níbi gbogbo.

2.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ RÍ

Abúlé: ọ̀kan náà, lẹ́bàá Moretan.

Ọjọ́ ìbí: ọ̀kan náà. (Ọjọ́ kan ni adájọ́ wá kọ ìwé ọjọ́ ìbí fún gbogbo abúlé. Ta ló rántí ọjọ́? Ìparí oṣù Kejìlá ló kọ fún tọmọdé tàgbà.)

Fóònù: ọ̀kan náà. (Ti Bàbá Fágbénró. Òun nìkan ló ní fóònù nígbà náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni gbogbo abúlé fi sílẹ̀.)

Orúkọ: ó yàtọ̀. Kò já mọ́ nǹkan. Ará ibí ní orúkọ ilé, orúkọ ìjọ, orúkọ oko.

Ọkùnrin tàbí obìnrin: àṣìkọ. A ti tún un ṣe.

2½.

Vincent fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

5.

TÀNTÍ OLÚGBÓDI, tó tọ́ Bùsáyọ̀ dàgbà: Kí lẹ fajú ro sí? Ṣebí Fadà ní ẹ ó di ara kan. Ẹ̀rọ kàn yára ni.

BÙSÁYỌ̀: Tàntí! Fadà ò ní so wá pọ̀ láìsí ìwé mẹ́rì. Sátidé ni ìgbéyàwó.

SABINE: Ẹ̀rọ ń fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ pé méjì.

VINCENT: Ẹ̀rí wo? A jókòó síwájú yín!

SABINE: Ẹ̀rọ ò lójú, Monsieur.

6.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Sabine ní kí Vincent lọ wọn ìwúwo ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Anié, kí Bùsáyọ̀ lọ wọn tirẹ̀ ní ti Moretan, ní wákàtí kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ta ló lè wà níbi méjì?

     ÌDÁHÙN Ẹ̀RỌ: Wákàtí Moretan kò tọ́. A ti tún un ṣe.

«Láyé àtijọ́,» ni Tàntí wí, «a mọ àwọn tó lè wà níbi méjì. Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ bu iyì yẹn fún wa.»

7.

(Ohun tí Vincent sọ kò ṣeé kọ.)

8.

SABINE: Ó ku ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Bùsáyọ̀, fi ọkọ rẹ sùn. Irọ́ lásán. Bí ẹ̀rọ bá ti gbà, wàá fagi lé e.

9.

ÌWÉ Ẹ̀SÙN

Olùfisùn: Bùsáyọ̀. Olùjẹ́jọ́: Vincent.

Ìkíní: ó máa ń pẹ́. (Vincent rẹ́rìn-ín.)

Ìkejì: bí mo bá ń sọ̀rọ̀, fóònù ló ń wò. (Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.)

Ìkẹta: ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìlú Notsé la ó máa gbé. Kò bi mí.

Ìkẹrin: ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi níbí ńkọ́?

9, síbẹ̀.

Irọ́ ni Bùsáyọ̀ fẹ́ kọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ òótọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.

10.

     ÌDÁHÙN Ẹ̀RỌ
     Ènìyàn méjì ni wọ́n. Ó dájú.
     Ìgbéyàwó: ó lè wáyé, bí olùfisùn bá fa ẹ̀sùn sẹ́yìn.

Sabine pàtẹ́wọ́. Tàntí jó.

11.

Bùsáyọ̀ kò jó.

12.

SABINE: Ó yá, tẹ ibí yìí.

TÀNTÍ OLÚGBÓDI: Ọmọ mi, ọ̀la ni o.

VINCENT: Bùsáyọ̀, ṣebí irọ́ la ní ká kọ.

BÙSÁYỌ̀: Èwo ni irọ́ níbẹ̀?

(Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ Vincent.)

BÙSÁYỌ̀: Mò ń gbọ́ ẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta.

VINCENT: (Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.)