Òórùn Kẹrosíìnì

Fún odidi ọdún mọ́kàndínlógún, ìbọn ráífù tí bàbá Dúrójayé fi sílẹ̀ fún un kò dójú tì í rí. Láti igbó Ayédé títí dé ẹ̀yìn Ìtàjí, bó bá ti yìn ín, ẹran ti sùn. Àfi ìgbà tí ọyẹ́ ọdún yìí dé, tí bóòtù ẹ̀yìn ìbọn, irin tí à ń fà kí èèpo ọta lè jáde kí ọta mìíràn sì wọlé, bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Yáyà alágbẹ̀dẹ, tó ń tún ìbọn ṣe ní Ọ̀tùn, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Òrí tí ẹ fi ń pa ùbọn yìí ló dì sínú ẹ̀. Òtútù ọyẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́."

Dúrójayé gba ìbọn rẹ̀ padà bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ wèrè. Kẹrosíìnì kẹ̀? Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹran ìgbẹ́ á gbóòórùn ẹ̀ lókèèrè, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òrí ni bàbá fi ń pa á, òrí lòun náà á máa fi pa á. Nígbà tó délé, ó tún bu òrí lé òrí.

Beatrice ìyàwó rẹ̀, tó ti gbọ́ ohun tí Yáyà wí, rí i. "Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹni mọ uṣẹ́ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn o."

Dúrójayé fi àkísà ra òrí náà wọ inú ìbọn. Agídí ọkùnrin, oògùn ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ bo oko bí èéfín. Beatrice ń wa ẹ̀gẹ́ nítòsí igi kajú. Ó ti gbé agbọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí Dúrójayé dúró sí. Iṣu méjì ló wà nínú rẹ̀, àti ìgò kẹrosíìnì tí wọn yóò fi dáná sun ún. Bí ìmàdò kan ṣe já jáde láti inú koríko nìyẹn. Òun ló ti ń ba ẹ̀gẹ́ wọn jẹ́ láti oṣù tó kọjá. Dúrójayé yìn ín. Ọta bà á léjìká, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Ó yí padà, ó kọjú sí Beatrice.

Obìnrin náà ju àdá nù, ó fò mọ́ kajú. Ẹ̀ka tó rí gùn kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Ìmàdò fi eyín gígùn rẹ̀ gbá ìdí igi, ẹ̀ka sì ké. Gbogbo wa la mọ kajú, igi tí í ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀.

Dúrójayé fa bóòtù. Ó há. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó há pinpin. Ó fi òkúta gbá a, èékánná rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ dà sórí òrí. Èèpo ọta àkọ́kọ́ jókòó sínú ìbọn bí onílé. Ẹ̀rù bà á débi pé orúkọ ọmọ ló ń pè dípò ti ìyá: "Pẹ̀lúmi! Pẹ̀lúmi!"

"Kẹrosíìnì!" Beatrice ló ké látorí igi. "Ó wà nínú agbọ̀n!"

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin yìí ṣì dúró. Kò ju ìmí kan lọ, ṣùgbọ́n ó dúró, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ń dún létí rẹ̀. Ẹ̀ka tún ké. Ó fi eyín ṣí ìgò, ó da kẹrosíìnì sórí bóòtù, sọ́wọ́, sí ṣòkòtò. Ó fà á. Ó yọ̀ díẹ̀. Ó fi gbogbo ara fà á, èèpo ọta fò jáde, tuntun wọlé. Bí ẹ̀ka ṣe ń já lọ ló yìn ín.

Ìmàdò dojú bolẹ̀. Beatrice já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dúrójayé sáré débẹ̀, ó dì í mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Beatrice gbóòórùn ọwọ́ tó dì í mú náà. Ó wo ẹran, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Pẹ̀lúmi," ó ní, "ká ní Yáyà ti fọ ùbọn yìí ni, bí bàbá yín ṣe wí, ẹran yìí ì bá ti gbóòórùn ẹ̀, ì bá ti sá lọ. Èmi ì bá sì máa wa ẹ̀gẹ́ mi jẹ́jẹ́."

Ó mú àdá rẹ̀ nílẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́.